Bọ́ọ̀lù Tí Mo Fọ̀ Fún Tíṣà Dáníẹ́lì

Ẹsẹ̀ àwọn ará Ìkọ̀lé ni mo fi kọ́lé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni mo sọ. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ló rán ọmọ mẹ́rin níwèé fún mi, òun ló ra ilẹ̀, òun náà ló kan páànù sórí ilé. Aránbàtà ni mí. Àwọn mìíràn ń pè mí ní Bàbá Ṣúmékà, mo sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n wá kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí iṣẹ́ tí ènìyàn lè kọ́ lóde òní. Ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà ni, èkejì ní òkè òkun ni òun ń lọ, ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dá sí i, fóònù ló ń tẹ̀. Mo ní ó dáa, màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún wọn pé n kò ní fi yangàn bí mo ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìtàn kan wà nínú iṣẹ́ mi tí mo fi yangàn fún ogójì ọdún ó lé, ní ìpàdé ẹgbẹ́, ní ìdí ayò, níbi ìsìnkú pàápàá. Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àṣìṣe ńlá tí mo ṣe ni mo ti ń fi yangàn láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ ní sùúrù, a ó dé ibẹ̀.

Iṣu ni bàbá mi ń gbìn ní Ìtapàjí. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá kọ ogójì ebè, èmi á kọ mẹ́fà, mẹ́fà ọ̀hún á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá mi wò mí títí, ó ní, "Jósẹ́fù, oko ò pè ọ́." Mo ti ka ìwé dé kíláàsì kẹrin nígbà náà. Ó mú mi wá sí Ìkọ̀lé, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, tó ń jẹ́ Ọ̀gá Fátókun. Ohun tí wọ́n jọ sọ àti ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, n kò mọ̀, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá mi lọ, ó fi mí sílẹ̀ síwájú ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ kéré bí ohùn obìnrin, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ń lé ènìyàn káàkiri ilé.

Ọdún kan gbáko, n kò fọwọ́ kan bàtà. Òwú ni mo ń ṣe. Èmi á fi ọwọ́ yí òwú lórí itan, èmi á fi ìda oyin pa á lára, èmi á tún un yí, títí itan mi fi bó. Bí mo bá ní mo ti parí, ọ̀gá á so ó kọ́ ìṣó, á fi gbogbo agbára fà á. Bí ó bá já, ó di kí n bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ní ọdún kejì ló tó gbé ìlu lé mi lọ́wọ́, irin ṣóńṣó tí a fi ń lu awọ. Bí ihò kan bá fi díẹ̀ jìnnà sí èkejì ju bó ti yẹ lọ, ọ̀gá á fi ọ̀bẹ tú gbogbo rẹ̀, láti orí títí dé gìgísẹ̀.

Á ní, "Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ kọ́. Ìkánjú ló rán an."

Kò nà mí rí. Ó wù mí kó nà mí nígbà mìíràn, kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Òfin rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó fi ṣe ọba gbogbo wọn. Á ní, "Ẹrù tó bá wọ ulé wa ní ìdọ̀tí, kò gbọdọ̀ jáde ní ìdọ̀tí. Aránbàtà tó dá uṣẹ́ padà láìnù ún, ó ti sọ fún oníbàárà pé òun ò kà á kún." Bẹ́ẹ̀ ló kọ́ mi ní ohun tí a fi ń nu nǹkan. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni fún awọ funfun. Kẹrosíìnì díẹ̀ lórí àkísà ni fún epo àti yíǹkì. Lẹ́yìn náà ni ẹfun lílọ̀. Bí ọmọ iléèwé bá fi bírò kọ ìkọkúkọ sára báàgì, lọ́wọ́ wa kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń lọ.

Ẹ gbọ́ bí òfin yìí ṣe wọ̀ mí lára. Kàtíkíìsì kan láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu gbé bàtà wá, mo tún un ṣe, mo sì dá a padà. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí amọ̀ gbígbẹ tó há sáàárín awọ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, kò pariwo. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, kí n lọ gba bàtà náà wá, kí n fọ amọ̀ yẹn, kí n sì tún fi ẹsẹ̀ rìn lọ dá a padà. Mo dé ọ̀hún, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kàtíkíìsì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, amọ̀ oko mi ni o. Kò dí mi lọ́wọ́, jẹ́ kó wà níbẹ̀." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, ẹ bọ́ ọ. Ọ̀gá ò ní jẹ́ kí n jẹun." Ó bọ́ ọ. Ó fi ẹsẹ̀ lásán jókòó dè mí títí mo fi lọ tí mo fi bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ohun ìdọ̀tí kan ò jáde lọ́wọ́ mi mọ́. Bí ẹ bá gbé bàtà wá fún mi láti fi ìṣó kan ṣoṣo kàn, dídán ni yóò máa dán nígbà tí ẹ bá padà wá gbà á. Òkìkí mi kàn nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo gba òmìnira tán tí mo ya ṣọ́ọ̀bù tèmi sí ojú ọ̀nà Ọyẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé, "Ẹ gbé e lọ fún Jósẹ́fù, á sọ ọ́ di tuntun." Orí mi sì ń wú.

Bàtà nìkan kọ́ ni mo ń rán. Nígbà náà, awọ gidi ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, rọ́bà wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí ó bá ti já, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn iléèwé ń gbé e wá, láti Ọyẹ́, láti Ìdó, láti Ìtapàjí ìlú mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wá.

Ìgbà ìjọba ológun ni òyìnbó kan wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní iléèwé gíga kan lágbègbè wa. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, Dáníẹ́lì lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Tíṣà Dáníẹ́lì ni gbogbo wa ń pè é. Iyán kì í sú u, ẹsẹ̀ ló fi ń rin gbogbo ìlú, ó sì ń kí ènìyàn bí ọmọ bíbí ibẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o" kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bó bá rí ẹni tó jókòó lásán pàápàá, á kí i kú uṣẹ́.

Ó kọ́ àwọn ọmọ ní eré kan tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle, ẹlòmíràn á fi igi gbá a sínú afẹ́fẹ́, á wá máa sáré. Wọn ò ní igi rẹ̀, wọ́n bá lọ gbé ọmọ odó ìyá tó ń se oúnjẹ iléèwé. Ìyá náà á máa ké lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pé, "Dáníẹ́lì! Ṣé bọ́ọ̀lù ni màá fún àwọn ọmọ jẹ lọ́sàn-án yìí ni? Gbé ọmọ odó mi wá!" Gbogbo wa máa ń lọ wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó tú áńkáṣífì kan, bọ́ọ̀lù kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ojúùrán rẹ̀ ti ya, ikùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ yọ jáde. Ó ní bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré ló sọnù sínú igbó, wọ́n bá mú èyí lórí tábìlì òun láìtọrọ, wọ́n sì fi ọmọ odó gbá a. Inú rẹ̀ ò dùn rárá, ṣùgbọ́n kò bú wọn.

Ó ní, "Ọ̀gá Jósẹ́fù, ti bàbá mi ni. Òun ló fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ wá síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi rán an. Rán nìkan."

Rán nìkan. Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n gbogbo oníbàárà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí iye má baà ga, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí a fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ wà nínú bọ́ọ̀lù yẹn! Mo ya awọ rẹ̀ díẹ̀ kí n lè wo inú rẹ̀. Òwú ni wọ́n wé, òwú lórí òwú, ó le koko bí èkùrọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹni tó wé eléyìí, ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣeré. Òwú pupa ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ò sì ní òwú pupa. Mo fi osùn pa òwú tèmi, mo fi ìda pa á lé e, mo sì ń fi abẹ́rẹ́ méjì tẹ̀ lé ihò àtijọ́ níkọ̀ọ̀kan, kí n má baà lu ihò tuntun. Mo lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀ lórí nǹkan tí kò tó ọsàn ńlá. Nígbà tí mo parí, Ọ̀gá Fátókun ìbá wá, kì bá tí rí ibi tí yóò fi ọ̀bẹ sí.

Ó wá ku fífọ̀. Bọ́ọ̀lù náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n sì fi yíǹkì búlúù kọ ìkọkúkọ kan gba ara rẹ̀ kọjá. Mo pòṣé. Mo ní àwọn ọmọ iléèwé yìí ti bàjẹ́, wọ́n mú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni, wọ́n tún fi bírò ha á lára. Mo mú ọsàn wẹ́wẹ́, mo mú kẹrosíìnì. Yíǹkì náà lágídí, ó ti pẹ́ nínú awọ. Èmi náà lágídí. Mo ń fọ̀ ọ́ títí kò fi ku ẹyọ kan. Mo fi ẹfun pa á, ó funfun bí ẹyin adìẹ.

Nígbà tí Tíṣà Dáníẹ́lì dé, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo wá dúró bí ẹni tó ń retí ìyìn. Ó wo ojúùrán, ó fi ìka tẹ̀ lé e yíká. Ó yí bọ́ọ̀lù náà. Ó tún un yí. Ó tún un yí lẹ́ẹ̀kẹta bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ẹ ṣé. Ẹ kú uṣẹ́, Ọ̀gá Jósẹ́fù. Ẹ kú uṣẹ́." Ìyàwó mi, Ìyá Fúnmi, gbé iyán fún un, ó jẹ ẹ́, ó fọwọ́, ó lọ.

Ìyàwó mi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ọkùnrin yìí sunkún."

Mo ní, "Ẹkún ayọ̀ ni. O ò mọ àwọn òyìnbó."

Ó ní, "N ò mọ òyìnbó. Mo mọ ẹkún."

Mo ní kó lọ kó àwo.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó tún wá, ó mú bọ́ọ̀lù náà àti bírò kan dání. Ó ní kí n kọ orúkọ mi sára rẹ̀. Mo ní kí ló dé, ṣé kó tún dọ̀tí ni? Ó ní ní ilé àwọn, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ńlá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ síbẹ̀. Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ fún ayọ̀. Mo kọ JÓSẸ́FÙ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá, ó wọ́ bí ebè tí mo ń kọ ní Ìtapàjí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, ó dì í sínú áńkáṣífì rẹ̀. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, ó padà sílé rẹ̀. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìtàn tí mo fi yangàn nìyẹn. "Òyìnbó gbé bọ́ọ̀lù wá láti Amẹ́ríkà, mo rán an, mo fọ̀ ọ́, ó sunkún, ó ní kí n fọwọ́ sí i!" Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ ní Ìkọ̀lé.

Iṣẹ́ sì ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, táyà mọ́tò la ń gé ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Gọ́ọ̀mù wá dé, àwọn ẹgbẹ́ mi ju abẹ́rẹ́ nù, wọ́n ní kí la tún ń rán fún? Èmi gba gọ́ọ̀mù, mo sì ń rán an lé e. Mo ra ẹ̀rọ ìránbàtà, mo bá a jà fún oṣù mẹ́ta kó tó gbọ́ tèmi. Lẹ́yìn èyí ni bàtà òkìrìkà dé, bàtà rọ́bà tẹ̀ lé e, èyí tí ènìyàn ń wọ̀ já tó ń sọ nù. Bọ́ọ̀lù náà di ti ike. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí ẹnì kan ò yà. N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní bàtà gidi ṣì ń wá mi, n kò sì sùn lébi. Nígbà tí ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, mo fi ṣọ́ọ̀bù lé Káyọ̀dé lọ́wọ́, ẹni tí mo kọ́ kẹ́yìn. Mo dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi ni kò rí ẹni gba ìlu lọ́wọ́ wọn.

Ọdún tó kọjá ni Fúnmi, àkọ́bí mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ní kí n wá kí òun. Ìyá rẹ̀ kọ̀ láti lọ, ó ní òtútù. Mo wọ bàtà tí mo fúnra mi rán, mo wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀sẹ̀ kejì, Fúnmi ní, "Bàbá, ilé kan wà tí wọ́n kó gbogbo nǹkan àtijọ́ bésíbọ́ọ̀lù sí, kí ènìyàn lè máa wá wò ó. Ẹ jẹ́ ká lọ wo irú bọ́ọ̀lù yín." Inú mi dùn bí ọmọdé.

Ilé náà tóbi, ó sì tutù. Wọ́n fi gíláàsì bo gbogbo nǹkan. Àwọn ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù mú ni mo kọ́kọ́ wò. Mo ń fi ìka tọ́ka sí ojúùrán wọn. "Eléyìí dáa. Èyí, ìkánjú ló rán an." Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí n má fi imú kan gíláàsì mọ́. A dé ibi tí wọ́n ti la bọ́ọ̀lù kan sí méjì kí ènìyàn lè rí inú rẹ̀, mo bá pariwo: "Òun nìyí! Òwú lórí òwú! Fúnmi, sọ fún wọn pé mo ti rí i rí!" Fúnmi sọ fún ìdílé kan tó dúró níbẹ̀, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. N kò rí irú iyì bẹ́ẹ̀ rí.

A wá yà sí yàrá mìíràn. Bọ́ọ̀lù ló kún ara ògiri, láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n tan iná sí wọn lórí. Gbogbo wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìkọkúkọ yíǹkì wà lára gbogbo wọn. Mo pòṣé. Mo ní, "Irú ilé ńlá báyìí, wọn ò rí aránbàtà kan pè kó wá bá wọn fọ nǹkan wọ̀nyí?"

Fúnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, wọn kì í fọ̀ ọ́. Orúkọ ni ohun tí ẹ rí yẹn. Àwọn akọni inú eré yìí ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Nítorí orúkọ yẹn ni wọ́n ṣe fi gíláàsì bò ó. Bí ẹnì kan bá fọ̀ ọ́, ó tán nìyẹn."

Mo ní, "Yíǹkì búlúù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí kò ṣe é kà, tó dà bí ẹni tó ń ha nǹkan lára?"

"Bí wọ́n ṣe ń sáìnì nìyẹn, Bàbá. Kí ló dé?"

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Rán nìkan, ó ní kí n rán nìkan! Mo rí ọwọ́ mi pẹ̀lú àkísà kẹrosíìnì, mo rí bí mo ti ń bá yíǹkì yẹn jà bí ẹni ń bá olè jà. Ohun tí bàbá rẹ̀ fún un, èmi ni mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á rẹ́, mo sì dúró kó yìn mí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọ mi lójú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, àwọn ènìyàn ń kọjá. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí tèmi mì ju ti ẹlòmíràn lọ.

Mo ní, "Fúnmi, bá mi wá a. Bí ó bá wà láyé, jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ kí ọ̀kan nínú wa tó kú."

Àwọn tí Tíṣà Dáníẹ́lì kọ́ ní ìwé ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, ibẹ̀ ni Fúnmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, a ò tíì rí i. Mo pe ìyàwó mi ní Ìkọ̀lé, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Mo sọ fún yín o. Ẹ ní kí n lọ kó àwo."

Kí n tó sọ bó ti parí, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe nígbà tí mo padà délé. Mo lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Káyọ̀dé, mo fi gbólóhùn kan kún òfin Ọ̀gá Fátókun. Mo ní, "Kí o tó nu ẹrù oníbàárà, bi í pé, kí lẹ ò fẹ́ ká fọwọ́ kàn?" Káyọ̀dé rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, obìnrin kan láti Igbólé gbé báàgì awọ ìyá rẹ̀ tó ti kú wá pé kó bá òun rán etí rẹ̀. Káyọ̀dé bi í. Obìnrin náà ní, "Ẹ má nu ibi ọwọ́ tó dúdú yẹn o. Ọwọ́ ìyá mi ni." Káyọ̀dé yíjú wò mí. Mo rántí kàtíkíìsì Ìjẹ̀ṣà-Iṣu tó ní amọ̀ oko òun ni. Ó ti sọ ọ́ fún mi láti kékeré, etí mi ni kò gbọ́. Ọ̀gá mi kọ́ mi níṣẹ́, títí ayé ni màá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n olóhun ló mọ èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí nínú ohun tirẹ̀.

Fúnmi rí Tíṣà Dáníẹ́lì kí n tó kúrò ní Amẹ́ríkà. Ó pè é lórí fóònù tí a ti ń rí ojú ara wa. Ọkùnrin arúgbó kan, orí rẹ̀ pá, ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o!"

Mo bá dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì Fúnmi. Mo ń gbọ́ tó ń bèèrè lókè pé ibo ni mo lọ. Fúnmi ní, "Ó wà nílẹ̀, ó ń bẹ̀ yín." Fúnmi gbé mi dìde. Mo ní, "Dáníẹ́lì, dáríjì mí. N kò mọ̀ pé orúkọ ni. Mo rò pé àwọn ọmọ ló fi bírò ha á lára."

Yorùbá rẹ̀ ti ṣá, Fúnmi ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní òun mọ̀ pé n kò mọ̀. Ó ní òótọ́ ni pé òun sunkún. Ó ní ọ̀rọ̀ kíkorò ti wà lẹ́nu òun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí òun fi ìka tẹ̀ lé ojúùrán yẹn, òun rí i pé ẹnì kankan ò tíì ṣe iṣẹ́ tó báyẹn fún òun rí, òun sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì pẹ̀lú iyán. Ẹ̀rù bí òun yóò ṣe kojú bàbá òun ló kù. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni òun fi ń rò ó kí òun tó mú bírò wá bá mi, kí bọ́ọ̀lù náà má baà padà délé láìní orúkọ lára.

Mo ní, "Kí ni bàbá rẹ sọ?"

Ó ní bàbá òun gba bọ́ọ̀lù náà, ó yí i títí, ó ní, "Ta ni Jósẹ́fù?" Òun sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá náà wá ní, "Akọni tó kọ orúkọ àkọ́kọ́, àìmọye bọ́ọ̀lù ló kọ orúkọ sí, kò sì mọ̀ mí rí. Ẹni tó kọ èyí, bọ́ọ̀lù yìí nìkan ló kọ orúkọ sí láyé rẹ̀." Ó gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú.

Òótọ́ ni. N kò kọ orúkọ sí òmíràn rí.

Tíṣà Dáníẹ́lì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé bọ́ọ̀lù kan sójú fóònù. Osùn mi ṣì wà lára òwú. JÓSẸ́FÙ wà níbẹ̀, ó wọ́. Ṣùgbọ́n ẹfun ti lọ, ọwọ́ bàbá àti ọwọ́ ọmọ ti sọ ọ́ di pípọ́n, ó dọ̀tí ju bí mo ti gbà á lọ. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun fi ránṣẹ́ sí mi ní Ìkọ̀lé.

Mo ní rárá, kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ fún, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.